Ìyẹ̀fun pákí ń bá afẹ́fẹ́ jáde lórí sáíkílónì wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Onípákí_ÒkèÒgùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo gbé wá síwájú yín. Ẹ bá mi dá sí i kí n tó ná owó tí n kò ní rí padà.

A ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Òkè Ògùn tí a ti ń ṣe ìyẹ̀fun pákí funfun, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pò mọ́ fúláwà. Bí a bá ti bó pákí, tí a fọ̀ ọ́, tí a rin ín, tí a sì fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, a ó tú u, a ó dà á sínú dráyà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń gbé e gòkè nínú páìpù gígùn kan, kó tó dé òpin páìpù, ó ti gbẹ. Láti ibẹ̀ ló ti ń wọ sáíkílónì, ìyẹn àgbá irin ńlá tí ìdí rẹ̀ rí bí àrọ. Ìyẹ̀fun á já bọ́ sísàlẹ̀, bulọ́wà tó wà lẹ́yìn sáíkílónì á fa afẹ́fẹ́ gba òkè, á sì tú u síta.

Ìyẹ̀fun ń bá afẹ́fẹ́ yẹn jáde. Òrùlé wa ti funfun, igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ti funfun, àwọn aládùúgbò sì ti wá fẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jókòó, mo wọn ọ́n. Mo da 1,000 kìlò pákí tí a ti fún sínú ẹ̀rọ, omi inú rẹ̀ jẹ́ 42 nínú 100. Ohun gbígbẹ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 580 kìlò nìyẹn. Bí omi bá ku 10 nínú 100, ó yẹ kí n rí 644 kìlò ìyẹ̀fun. 560 ni mo kó sínú àpò. 84 kìlò lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹni tó ń bá wa wá ẹ̀rọ ní kí n ra fíltà alápò, ìyẹn àwọn àpò aṣọ tó ń sẹ́ ekuru inú afẹ́fẹ́, sí ẹ̀yìn sáíkílónì. Owó rẹ̀ sún mọ́ ìdajì owó dráyà fúnra rẹ̀. Ṣé òun ló kàn lóòótọ́, àbí sáíkílónì yìí ni kò dára? Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1, gíga rẹ̀ láti òkè dé ìdí jẹ́ mítà 4.

---

Wẹ́dà_Abẹ́òkúta

Ọ̀gá mi, ẹ kú ìnáwó. Èmi ti jó sáíkílónì bíi mélòó kan fún àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ àti àwọn tó ń la pákó. Mítà 1 yẹn tóbi. Sáíkílónì kékeré ń mú ekuru ju ńlá lọ. Méjì tí fífẹ̀ wọn tó 70 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ pín afẹ́fẹ́ sí wọn lọ́gbọọgba, ni ǹ bá ṣe fún yín. Irin aláìdípẹtà ni kí ẹ lò o, nítorí oúnjẹ ni.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀kọ́ kẹ́míkà ẹ̀rọ ni mò ń kọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́dún yìí.

Bí àwọn ìyá wa bá ń fẹ́ ẹ̀wà lórí atẹ, atẹ́gùn á gbé èèpo lọ, ẹ̀wà á padà sórí atẹ torí pé ó wúwo. Ìyẹ̀fun kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ká ní a fẹ́ dúró kí ó fúnra rẹ̀ rọ wálẹ̀ kúrò nínú afẹ́fẹ́ ni, yàrá tí a máa kọ́ fún un á tóbi ju ilé iṣẹ́ lọ. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n dá ààjà sílẹ̀ nínú àgbá. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó ń pòòyì, ó sì ń ju ohun tó gbé dání lu ògiri, bí ìgbà tí ọmọdé bá so òkúta mọ́ okùn tó ń fì í yíká orí. Ìyẹ̀fun tó bá ti kan ògiri á máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀, bó bá dé ìdí àrọ, á ṣẹ́rí padà, á di ààjà kejì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba àárín gòkè, á sì jáde nínú páìpù tó wà láàárín òkè.

Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé pẹ̀lú eré mítà 18 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sínú àgbá tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1, agbára tó ń ju horo ìyẹ̀fun sí ògiri tó ìlọ́po 66 agbára tí ilẹ̀ fi ń fà á. Bí fífẹ̀ àgbá bá dín sí ìdajì mítà, ó di ìlọ́po 132. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá wẹ́dà nígbà náà.

Àmọ́ nǹkan kan ń dà mí láàmú. Mítà 1 ní fífẹ̀, mítà 4 ní gíga: ìwọ̀n tí onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Stairmand, gbé kalẹ̀ ní 1951 fún sáíkílónì tó ń mú dáadáa gan-an nìyẹn. Horo sítáàṣì pákí, ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 5 sí 25. Bí a bá gé mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù. Mo fi ìṣirò wò ó: irú àgbá yìí yẹ kó mú horo tó bá ti tó máíkírọ́ọ̀nù 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí 13 nínú 100 wá máa lọ, kò bá a mu. Nǹkan míràn ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

---

ÌyáOníláfún

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Láfún ni mò ń ṣe ní tèmi, inú oòrùn ni mo ń sá a sí, n kò ní ẹ̀rọ kankan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi Onípákí: ṣé bákan náà ni funfun yẹn ń jáde láti àárọ̀ dé alẹ́, àbí àwọn àkókò kan wà tó ń pọ̀ sí i? Bí nǹkan bá ń ṣe mí nínú iṣẹ́, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ìgbà tó ń ṣe é.

---

Bàbá_Kíìnì

Ìbéèrè Ìyá yẹn dára púpọ̀. Èmi náà ní tèmi. Onípákí, má ì gé irin kankan, má sì ra fíltà. Kí ló wà lẹ́nu ìdí sáíkílónì rẹ? Báwo ni ìyẹ̀fun ṣe ń ti ibẹ̀ dé inú àpò? Dá wa lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀.

---

Onípákí_ÒkèÒgùn

Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ ṣé, Ìyá.

Airlock wà nídìí rẹ̀ nígbà tí a rà á, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun bọ́ sísàlẹ̀ láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, èyí tó ní ewé irin mẹ́fà tó ń yí nínú ilé rẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ jó lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, a sì yọ gbogbo rẹ̀. Àpò la ń so mọ́ ẹnu ìdí rẹ̀ ní tààrà báyìí. Bó bá kún, àwọn ọmọ á tú u, wọ́n á so òmíràn. A kì í pa ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ àpò, torí pé bí a bá pa á, dráyà á tutù.

Ìyá, ìbéèrè yín mú mi jáde lọ wo orí òrùlé. Gbogbo ìgbà ló ń jáde, àmọ́ bí wọ́n bá ti tú àpò báyìí, ńṣe ló ń rú túú bí èéfín. N kò so ó pọ̀ rí.

---

Bàbá_Kíìnì

Ibẹ̀ ni 84 kìlò rẹ wà.

Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kó tó di pé mo fẹ̀yìn tì. Ilé gogoro tí ẹ máa ń rí láti ojú títì bí ẹ bá ń kọjá ní Ewékorò tàbí Ìbèṣè, sáíkílónì ló kún inú rẹ̀. Wọ́n tò wọ́n léra, mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́fà. Ìyẹ̀fun òkúta là ń dà sí òkè, gáàsì gbígbóná láti inú kíìnì, ìyẹn ààrò ńlá tí a ti ń sun òkúta náà, ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Gáàsì yẹn lé ní 1,000°C nígbà tó ń jáde nínú kíìnì. Nígbà tó bá fi máa kọjá sáíkílónì mẹ́rin, ó ti wálẹ̀ sí bíi 350°C, torí pé òkúta ti gba ìgbóná rẹ̀. Ní àjà kọ̀ọ̀kan, gáàsì á gbé ìyẹ̀fun wọ sáíkílónì, sáíkílónì á yà wọ́n, gáàsì á gòkè, ìyẹ̀fun á sọ̀kalẹ̀ sí èyí tó kàn. Ibẹ̀ náà ni òkúta ẹfun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di láìmù, gáàsì á sì jáde lára rẹ̀. Ríákítọ̀ ni, ibi tí ohun kan ti ń yí padà di òmíràn, kì í ṣe ibi ìgbóná lásán.

Lábẹ́ sáíkílónì kọ̀ọ̀kan, nínú páìpù tí ìyẹ̀fun ń gbà sọ̀kalẹ̀, fláàpù kan wà tí wọ́n so òkúta irin mọ́ ní ẹ̀yìn. Bí ìyẹ̀fun bá wúwo lórí rẹ̀, á ṣí, á jẹ́ kó bọ́, á sì tún padà dé. Pátákó irin lásán tó ń mì ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di ọ̀gá ṣíìfù, ekuru tó ń jáde lókè ilé gogoro wa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, èédú tí à ń jó sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ọjọ́ méjì ni a fi ń wá a lókè. A wo páìpù àárín, bóyá ó ti jó já sílẹ̀. A wo ẹnu àbáwọlé. A kò rí nǹkan kan. Ọmọ abẹ́ mi kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló lọ gbọ́wọ́ lé apá fláàpù kẹta, ó ní, "Ọ̀gá, èyí kò mì." Èèpo bíríkì kan ló há sí i, ó sì ṣí sílẹ̀ gbagada. Gáàsì ti ń gba ọ̀nà tí ìyẹ̀fun yẹ kó gbà sọ̀kalẹ̀ gòkè wá, ó ń pàdé ìyẹ̀fun lẹ́nu ìdí àrọ, ó sì ń gbé e padà sókè.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí. Àárín ààjà yẹn, níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí àrọ, ibẹ̀ ni fífà rẹ̀ le jù nínú gbogbo àgbá. Bulọ́wà tìrẹ tún wà lẹ́yìn sáíkílónì, tó ń fà. Bí ihò bá wà nídìí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta ni yóò máa wọlé. Ẹsẹ̀ ààjà kejì gan-an ló sì máa wọ̀, níbi tí gbogbo ìyẹ̀fun tí sáíkílónì ti mú tán ti ń kó jọ. Iṣẹ́ ti parí, o wá ń tú u. Àpò tí ẹ so mọ́ ọn kò lè dí i, híhun ni àpò, ó ń mí. Bí wọ́n bá wá tú u, ẹnu ìdí ti là sílẹ̀ pátápátá. Ìyẹn ni Ìyá rí láti ilé rẹ̀.

Tún airlock rẹ ṣe. Kí o sì máa yẹ etí ewé irin rẹ̀ wò, bí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ilé rẹ̀ bá ti ń fẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀.

---

Ará_Houston

Mo kí Bàbá tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ilé ìfọpo tí mo wà níhìn-ín ní Texas, ohun kan náà là ń bá jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo ni tiwa.

Ríákítọ̀ tí à ń pè ní FCC ló ń fọ́ epo tó ki sí pẹtiróòlù. Lẹ́búlẹ́bú kan ló ń ṣiṣẹ́ náà, kátálíìsì, ìwọ̀n horo rẹ̀ ń lọ sí bíi máíkírọ́ọ̀nù 70. Bí afẹ́fẹ́ tàbí gáàsì bá ti abẹ́ rẹ̀ wọlé, ńṣe ló máa ń hó, tó ń ṣàn bí omi. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n fi ṣòwò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Baton Rouge, ní Louisiana, ní 1942, nígbà ogun. Ilé ìfọpo ńlá tó wà ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí náà ní ẹ̀yà kan lára ìdílé yìí. Kátálíìsì ń ti ríákítọ̀ lọ sí àgbá kejì, níbi tí wọ́n ti ń jó èédú tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò ní bíi 700°C, á sì tún padà. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù ló ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Tí sáíkílónì kò bá sí nínú àwọn àgbá náà, gbogbo rẹ̀ á ti bá gáàsì lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Méjì-méjì là ń so wọ́n: gáàsì á jáde nínú àkọ́kọ́ wọ inú ìkejì. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn. Sáíkílónì kọ̀ọ̀kan ní páìpù gígùn kan nísàlẹ̀, kátálíìsì tó ti mú á kún inú páìpù náà dé ìwọ̀n kan, ìwúwo rẹ̀ á sì borí fífà tó wà lókè. Ti sáíkílónì àkọ́kọ́, a sábà máa ń ri ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú lẹ́búlẹ́bú tó ń hó nísàlẹ̀. Ti ìkejì kì í rí púpọ̀ mú, nítorí náà à ń fi ìdérí kékeré kan sí ẹnu rẹ̀ tó ń fì. Kátálíìsì fúnra rẹ̀ ló ń dí ọ̀nà fún gáàsì.

Bí ìdérí yẹn bá bọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ bá lu, ọjọ́ náà la máa rí i. À ń wọn kátálíìsì tuntun tí à ń fi kún un lójoojúmọ́. Bó bá ti fò sókè láìnídìí, ẹsẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ rò.

Onípákí, ìwọ náà lè jẹ́ kí ìyẹ̀fun díẹ̀ máa wà lórí airlock nígbà gbogbo, ó máa ń ràn án lọ́wọ́ láti dí. Má jẹ́ kó gòkè dé inú àrọ o. Bó bá gòkè dé ibi tí imú ààjà ń kàn, ààjà á máa họ ọ́ padà sókè, a sì ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

---

Wẹ́dà_Abẹ́òkúta

Bàbá, mo dúpẹ́. Èmi ti ń jó sáíkílónì fún ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá ní ekuru ń jáde, òkè ni mò ń wò.

Onípákí, bí o bá tún airlock ṣe tán, àwọn oríkèé yòókù ńkọ́? Ìlẹ̀kùn tí ẹ fi ń wo inú rẹ̀? Tan àbẹ́là, gbé e yí gbogbo ibi tí wọ́n ti so irin mọ́ra nígbà tí bulọ́wà bá ń ṣiṣẹ́. Ibi tí iná bá ti tẹ̀ wọlé, ibẹ̀ ló ń jò.

---

Ará_Houston

> Tan àbẹ́là, gbé e yí gbogbo ibi tí wọ́n ti so irin mọ́ra

Rárá o, ẹ̀gbọ́n wẹ́dà. Mo bẹ̀ yín, Onípákí, ẹ má ṣe é.

Ìyẹ̀fun tó bá fò nínú afẹ́fẹ́ ń gbiná, inú ibi tó há bíi sáíkílónì ló sì ti burú jù. Lọ́jọ́ kejì oṣù Karùn-ún 1878, ilé ìlọkà kan ní Minneapolis bú gbàmù, ènìyàn 18 kú. Ẹ lè ní ó ti pẹ́. Lọ́jọ́ keje oṣù Kejì 2008, ekuru ṣúgà bú gbàmù ní Port Wentworth ní ìpínlẹ̀ Georgia, ènìyàn 14 kú. Ṣúgà tí à ń fi mu ẹ̀kọ ni. Pákí kò yàtọ̀ sí i. Ẹ̀yin ní afẹ́fẹ́ gbígbóná, ẹ ní ìyẹ̀fun tó gbẹ, ẹ wá fẹ́ mú iná ojúkorojú sún mọ́ ọn níbi tí ẹ ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń fà á wọlé.

Òwú ni kí ẹ lò. Ẹ já òwú kẹ́kẹ́ tàbí ìyẹ́ adìyẹ tó fúyẹ́, ẹ dì í mú lẹ́bàá oríkèé, ẹ óò rí i bó ṣe máa lẹ̀ mọ́ ibi tó bá ń fà. Ekuru tó wà lórí òrùlé àti lórí àwọn igi àjà, ẹ gbá a kúrò. Ìbúgbàmù àkọ́kọ́ máa ń kéré, òun ló máa ń gbọn ekuru ilé dìde fún ìkejì tó ń pa ènìyàn. Bí wẹ́dà bá sì fẹ́ jó irin lára rẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní kó tó tanná.

---

Wẹ́dà_Abẹ́òkúta

Mo gbà, mo sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ṣe é pẹ̀lú àbẹ́là nílé ìlọ oúnjẹ adìyẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run ló yọ wá. N kò ní ṣe é mọ́.

---

ÌyáOníláfún

Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín. Ẹ dákun, èyí tó kù tó bá ṣì ń jáde lókè, kí ló dé tí a kò lè wọ́n omi sí i? Bí a bá ń ṣe sítáàṣì, inú omi náà ló kúkú ti ń tòrò.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ìyá, omi á mú un. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló ń fọ gáàsì wọn bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi tí gáàsì bá gbóná tó sì ní ásíìdì nínú. Ṣùgbọ́n ohun tí Onípákí máa rí nídìí rẹ̀ ni omi pákí, tí yóò kan kó tó di ọjọ́ kejì. Yóò tún wá ibi tí yóò da omi náà sí, àwọn aládùúgbò tó ń ráhùn nítorí ekuru á wá ráhùn nítorí òórùn. Ìyẹ̀fun tí a lè tà ni a fẹ́ gbà padà, gbígbẹ ló sì ti dára jù láti mú un.

---

Onípákí_ÒkèÒgùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé, mo ní kí n má sọ nǹkan kan títí tí màá fi rí nọ́ńbà.

A wé mọ́tò airlock padà. Ewé irin rẹ̀ ti jẹ, ẹni tó bá wa ṣe é gé rọ́bà tó nípọn, irú èyí tí wọ́n lè lò fún oúnjẹ, ó fi bóòtì mú un mọ́ etí ewé kọ̀ọ̀kan kó lè máa fara kan ògiri ilé rẹ̀. Mo fi òwú yẹ gbogbo oríkèé wò. Ìlẹ̀kùn ìwonú ń fà, ibi méjì níbi tí àrọ ti pàdé àgbá náà ń fà. A fi gásíkẹ́ẹ̀tì sí gbogbo wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ ti kọ́ mi ní ọ̀nà kan níkọ̀kọ̀: mo ra ọ̀pá rọ́bà tó mọ́ gaara, mo tẹ̀ ẹ́ bí lẹ́tà U, mo bu omi tí mo pa láró sí i, mo so ẹnu kan mọ́ iwájú sáíkílónì, èkejì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí a tó tún un ṣe, ìyàtọ̀ omi méjèèjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7. Lẹ́yìn tí a tún un ṣe, ó di 10. Ó yé mi nísinsìnyí: bulọ́wà ti ń fi agbára rẹ̀ fa afẹ́fẹ́ ìta gba ìdí wọlé, dípò kó fa èyí tó ń bọ̀ láti inú dráyà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, 1,000 kìlò bíi ti tẹ́lẹ̀, mo rí 612. Lánàá mo rí 625. Èyí tó ń sọnù ti wálẹ̀ láti 84 sí 19. N kò tíì ra fíltà. N kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

19 kìlò tó kù yìí ńkọ́? Mo fọwọ́ ra èyí tó ṣì ń bà sórí òrùlé, ó kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń yọ̀ bí àtíkè.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n! Inú mi dùn gan-an. Èyí tó ń yọ̀ bí àtíkè yẹn ni sáíkílónì kì í lè mú tán, ó fúyẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ tó ń yí padà á gbé e lọ kó tó dé ògiri. Díẹ̀ lára 19 náà sì lè jẹ́ pé ilẹ̀ ló dà sí, tàbí pé ìwọ̀n omi inú pákí kò rí bákan náà láti ìdì dé ìdì. Ẹ wọn ọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbà pé òkè ni gbogbo rẹ̀ gbà lọ.

---

Ará_Houston

Fún 19 kìlò lóòjọ́, fíltà alápò lè mú u, ó sì máa mú ọkàn àwọn aládùúgbò balẹ̀. Aṣọ rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń sẹ́ ekuru: ìpele ìyẹ̀fun tó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ aṣọ náà ló ń dá èyí tó kúnná jù dúró, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí àpò láti inú lóòrèkóòrè kí èyí tó ti nípọn jù lè já bọ́. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ bèèrè nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú dráyà kún fún omi pákí tó ti di oru. Bó bá kan àpò tó tutù lówùúrọ̀, oru á di omi lára aṣọ, ìyẹ̀fun á di ẹ̀kọ mọ́ ọn, kò sì ní ṣí mọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná nìkan mú gbogbo rẹ̀ gbóná kí ẹ tó da pákí, kí ẹ sì fi nǹkan wé ilé fíltà náà kí ìgbóná má bàa sá. Èkejì, àpò tó lè gbé iná mànàmáná tó bá kó jọ lára rẹ̀ lọ sílẹ̀ ni kí wọ́n tà fún yín, kí wáyà sì ti ara irin rẹ̀ wọlẹ̀, kí ilé rẹ̀ ní fèrèsé tó máa já síta, síbi tí ènìyàn kì í dúró sí, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dá yín lóhùn lórí méjèèjì, ẹ má ra ọjà rẹ̀.

---

Wẹ́dà_Abẹ́òkúta

Tàbí kí a so sáíkílónì kékeré méjì sí ẹ̀yìn ńlá yẹn, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ara ohun tí mo sọ lákọ̀ọ́kọ́ ni, àmọ́ ńlá á dúró síbi tó wà.

---

Bàbá_Kíìnì

Wẹ́dà, èyí tí o sọ yìí, òun náà ni à ń ṣe ní sìmẹ́ǹtì. Àwọn sáíkílónì ìsàlẹ̀ ilé gogoro, bí wọ́n bá mú bíi 80 tàbí 85 nínú 100, wọ́n ti gbìyànjú, torí pé èyí tí wọn kò bá mú, ti òkè á mú un. Ti òkè pátápátá ni kò ní ẹni tó máa tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ibẹ̀ la ti sábà máa ń fi méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ga rọ́pò ńlá kan.

Ṣùgbọ́n gbogbo sáíkílónì ló ń jẹ nínú agbára bulọ́wà. Onípákí ní sẹ̀ǹtímítà 10 ti lọ sí ti àkọ́kọ́. Bí méjì kejì bá tún gba 10 tàbí 12, ṣé bulọ́wà rẹ lè fà á? Wo ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò rẹ̀, kí o wọn iná tó ń fà báyìí, kí o fi ránṣẹ́ síbí. Bí kò bá lè fà á, eré afẹ́fẹ́ nínú dráyà á dínkù, pákí tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó nínú páìpù gígùn yẹn. Ìyẹn burú ju 19 kìlò lọ.

---

Onípákí_ÒkèÒgùn

Mo ti gbọ́, Bàbá. Lọ́jọ́ Ajé ni oníná wa ń bọ̀, màá ní kó wọn bulọ́wà, màá sì gbé nọ́ńbà náà síbí. Kí n tó ná kọ́bọ̀ kan, màá wọn ìyẹ̀fun fún ọ̀sẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àbúrò Ifẹ̀ ṣe wí. Àwọn ọmọ ti ń gbá òrùlé láti àárọ̀, mo ra ìbòmú fún gbogbo wọn.

Bàbá, ìbéèrè kan ló kù. Ẹ ní kí n máa yẹ etí ewé airlock wò. Ẹ̀ẹ̀melòó láàárín oṣù?

---

Bàbá_Kíìnì

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni títí tí wàá fi mọ bí rọ́bà náà ṣe ń jẹ tó. Omi inú ọ̀pá U rẹ á ti máa sọ fún ọ kí ọjọ́ tó pé: bó bá ti ń wálẹ̀ láti 10 láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan nǹkan kan, lọ wo ìdí.

Kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ airlock yẹn, yọ fíúsì mọ́tò rẹ̀ kúrò, kí ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fi fíúsì náà sápò ara rẹ̀. Má fi ìyípa lásán ṣe é. Ẹlòmíràn lè dé, kó rò pé ẹ gbàgbé, kó sì tàn án.